Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì mélòó ló wà nínú ABEOKUTA? Ẹ gbà mí o

Ìyá Àdìrẹ Ìtòkú béèrè:

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, gbogbo ilé. Ìbéèrè kan ló gbé mi wá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Ọmọbìnrin mi tó wà ní praimárì fáìfù gbé iṣẹ́ àṣetiléwá dé láti ilé ìwé. Wọ́n kọ ABEOKUTA gàdàgbà gàdàgbà sójú ìwé, wọ́n ní kó wá ogún ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó wà nínú rẹ̀. Ẹ̀yìn ìsọ̀ mi ní Ìtòkú la ti jókòó ṣe é. Oníbàárà ń tú kàmpálà wò, wọ́n ń nájà, mo ń dá wọn lóhùn, mo tún ń yọjú wo ìwé ọmọ. Ó rí BEAT, ó rí TAKE, ó rí BUT, ó rí TEA, ó rí BOAT. Ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ dúró sí. Ó ń wo ABEOKUTA, ABEOKUTA náà ń wò ó.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin bá gbé fóònù, ó wọ orí íntánẹ́ẹ̀tì, ó tẹ lẹ́tà mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ síbì kan, ni ọ̀rọ̀ bá ń ya jáde. Òmíràn nínú wọn, mi ò gbọ́ ọ rí láyé mi. Wọ́n mú díẹ̀ níbẹ̀, ọmọ náà fi tirẹ̀ kún un, wọ́n kó gbogbo ẹ̀ sínú ìwé. Nígbà tí ìwé yóò fi padà dé, tíṣà ti fa bírò pupa sí mẹ́rin: BOOK, KATE, OBA àti AKE. Ọmọ sunkún débi pé kò jẹ ọ̀fadà alẹ́ ọjọ́ náà, ẹ sì mọ̀ pé ọmọ Ẹ̀gbá kì í kọ ọ̀fadà.

Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ nìyí. Kí ni BOOK ṣe tí wọ́n fi fà á? B wà níbẹ̀, O wà níbẹ̀, K wà níbẹ̀. OBA àti AKE tí fóònù gbé jáde ńkọ́, ṣé irọ́ ni fóònù ń pa ni? Èyí tó wá jẹ mí lógún jù: ṣé ọgbọ́n kan wà tí ọmọ lè fi bírò àti ìwé ṣe irú nǹkan báyìí, láìsí dátà? Kọ́mọ̀ǹ éńtíráǹsì ń bọ̀ lọ́nà, fóònù ò sì ní bá a wọ gbọ̀ngàn ìdánwò.

Ọmọ Aṣerò dáhùn:

Màmá, ẹ kú iṣẹ́. O kan ṣoṣo ló wà nínú ABEOKUTA, BOOK ń fẹ́ méjì. A nìkan ni wọ́n fún wa ní méjì. KATE sì jẹ́ orúkọ èèyàn, wọn kì í gba orúkọ. Lórí méjì yẹn, tíṣà ò jẹ̀bi. Ti OBA, mi ò fẹ́ dá sí i, àwọn tó ń ta Scrabble ti ń bọ̀ wá jà.

Bàbá Atẹ̀wé Ìbarà dáhùn:

Ìyá Àdìrẹ, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Wọ́n ti dá yín lóhùn lórí BOOK. Ọgbọ́n tẹ́ ẹ béèrè ni mo fẹ́ sọ, ẹ fara balẹ̀ fún mi torí mo ti fẹ̀yìn tì, ọ̀rọ̀ mi lè gùn díẹ̀.

Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni mo fi tọ́mọ, ní Ìbarà níbí, láyé ìgbà tá a ṣì ń fọwọ́ to lẹ́tà òjé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. (Ìlú ìtẹ̀wé ni Abẹ́òkúta o, láti 1859 tí Townsend, òyìnbó ajíhìnrere, ti ń tẹ ìwé ìròyìn Yorùbá níbí. Ẹ má jẹ́ káwọn ará Èkó tàn yín.) Ẹni tó bá ti to lẹ́tà rí mọ̀ pé lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì ò dọ́gba. Kéèsì tá a ń kó wọn sí kì í tẹ̀lé A B C D. E ló ni ihò tó fẹ̀ jù, àárín ló sì wà kọ́wọ́ lè tètè tó o. J, Q, X, Z, etí ibẹ̀ ni wọ́n ń há sí, nínú ihò kéékèèké. Tó bá jẹ́ ìwé Yorùbá la gbà, C, Q, V, X, Z á sinmi látàárọ̀ dalẹ́, Ẹ alámì nísàlẹ̀ á sì ti tán lọ́wọ́ wa kí ojú ìwé tó kún.

Alfred Butts, ayàwòrán-ilé ará Amẹ́ríkà tó dá eré Scrabble sílẹ̀ láàárín àwọn ọdún 1930, ohun kan náà ló ṣe: ojú ìwé ìròyìn ló jókòó tì, ó ń ka iye ìgbà tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan yọjú. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí E fi jẹ́ 12 nínú 100 ẹyọ tó wà nínú àpò Scrabble, tí A àti I jẹ́ 9, tí Q sì jẹ́ ọ̀kan. S nìkan ló fọgbọ́n dín kù, 4 péré ló fi síbẹ̀. Nínú kéèsì tiwa, S pọ̀ rẹpẹtẹ. Ṣùgbọ́n tí S bá pọ̀ nínú eré, oníkálukú á kàn máa sọ ọ̀rọ̀ kan di púpọ̀, kò ní ronú.

Ẹ wá wo ABEOKUTA pẹ̀lú ojú yẹn. Kò sí S. Kò sí R, kò sí N, kò sí D. Ẹ ò lè fi S sẹ́yìn ọ̀rọ̀, ẹ ò lè fi ED sẹ́yìn rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹ ò lè fi ER tàbí ING. Fáwẹ́lì márùn-ún ló wà níbẹ̀, kọ́ńsónáǹtì mẹ́ta péré, B, K, T. Tíṣà tó ní kí ọmọ praimárì fáìfù wá ogún nínú rẹ̀, iṣẹ́ gidi ló gbé fún un. Ká ní EDUCATION ni, ọmọ á ti kọ ọgbọ̀n kó tó jẹun tán.

Bó ṣe máa ṣe é rèé. Kó má kọ ọ́ sórí ìlà kan. Tí lẹ́tà mẹ́jọ yẹn bá ti tò gbọọrọ báyẹn, Abẹ́òkúta lojú máa kà, ojú ò ní rí nǹkan míì mọ́. Ẹ bá a gé bébà pélébé pélébé mẹ́jọ, kó kọ lẹ́tà kan sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó kó fáwẹ́lì sápá kan, kó kó B, K, T sápá kejì. Mo fẹ́ràn bébà ju bírò lọ níbí, torí bébà kì í jẹ́ kéèyàn ṣe màgòmágó: tí O ti jẹ́ ẹyọ kan, BOOK ò lè dúró. Kò sẹ́ni tó máa pa á lẹ́kún.

Lẹ́yìn náà, ìdí ọ̀rọ̀ ni kó kọ́kọ́ wá, kó fi iwájú sílẹ̀. Ibí yìí ni gbogbo ọgbọ́n náà wà. Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ràn láti máa fi ìdí kan náà parí ọ̀rọ̀ púpọ̀. Kó to AKE sílẹ̀, kó máa gbé kọ́ńsónáǹtì tó ṣẹ́ kù síwájú rẹ̀: BAKE, TAKE. Kó to EAK: BEAK, TEAK. EAT á fún un ní BEAT, OAT á fún un ní BOAT, OUT á fún un ní BOUT. Kó wá gbé A kan síwájú BOUT, ó di ABOUT. BUT di ABUT, BET di ABET. Nítorí pé A jẹ́ méjì, ABATE náà dúró. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbàgbé A kejì yẹn, bẹ́ẹ̀ òun ló ń ṣiṣẹ́ jù.

Èyí tó bá sì ti rí, kó tú u ká, kó tún un tò kó tó fi í sílẹ̀. TAB di BAT, BUT di TUB, TEA di EAT, ó tún di ATE, BEAT di BETA. Ẹ kà á wò, ogún ti pé, mi ò sì tíì dé ọ̀dọ̀ OAK, OAT, TUBE àti TUBA.

Bíńgò Kútọ̀ dáhùn:

Bàbá, mo dọ̀bálẹ̀. Ẹ ti sọ gbogbo ẹ̀ tán, àmọ́ ẹ fi ọ̀gá wọn sílẹ̀: OUTBAKE. Lẹ́tà méje! Tẹ́ ẹ bá yọ A kan kúrò nínú ABEOKUTA, èyí tó kù, OUTBAKE ni, kò ṣẹ́ kù, kò lé. Ó túmọ̀ sí kéèyàn yan búrẹ́dì tàbí kéèkì ju ẹlòmíràn lọ. Ẹni tó bá tẹ́ ẹ sílẹ̀ lórí Scrabble lẹ́ẹ̀kan náà á gba 13 fún lẹ́tà (lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ló ní máàkì tirẹ̀), á tún gba 50 lé e torí pé méjèèje tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló lò tán. Ìlú wa ló gbé 63 mì sínú báyẹn o, ká tó dé àpótí aláwọ̀ kankan tó ń sọ máàkì di ìlọ́po lórí pátákó.

Màmá, OBA wọlé, AKE náà wọlé. Fóònù ò parọ́. Ìwé ọ̀rọ̀ Collins tá à ń lò níbi ìdíje Scrabble ní Nàìjíríà ní méjèèjì nínú. OBA ni ọba ilẹ̀ Yorùbá gan-an. AKE jẹ́ bí àwọn aláyé àtijọ́ ṣe ń kọ ACHE, ìrora. Ẹ gbé e lọ fún tíṣà.

Èmi ò fara mọ́ pé ọmọ gbọ́dọ̀ mọ ìtumọ̀ kó tó kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Nigel Richards, ará New Zealand, gba ife àgbáyé Scrabble èdè Faransé ní 2015, kò sì gbọ́ Faransé. Ọ̀rọ̀ ló há sórí. Ọdún yẹn kan náà ni Wellington Jighere tiwa lọ gba ti Gẹ̀ẹ́sì ní Perth, lọ́hùn-ún ní Australia, ará Áfíríkà kankan ò gbà á rí ṣáájú rẹ̀. Ẹ lọ bi àwọn tó ń ta á dáadáa bóyá ìtumọ̀ ni wọ́n ń kọ́.

Ohun tá à ń kọ́ ni ìpìlẹ̀. Ẹ mú lẹ́tà mẹ́fà tó ń bára wọn rẹ́, bíi TISANE, kẹ́ ẹ máa fi lẹ́tà kan kún un. Fi R kún un, ẹ rí RETAINS àti NASTIER. Fi D kún un, INSTEAD, DETAINS, STAINED. G fún yín ní SEATING àti TEASING, L fún yín ní SALIENT àti ENTAILS, M fún yín ní INMATES. Ẹni tó bá mọ TISANE nìkan ti mọ ogunlọ́gọ̀ ọ̀rọ̀. Ọmọ yẹn, ẹ máa mú un bọ̀ ní Kútọ̀ lọ́jọ́ Sátidé.

Tíṣà Àdàtán dáhùn:

Èmi kọ́ ni mo fa bírò pupa náà o, ẹ má wá mi wá sílé ìwé. Àmọ́ tíṣà praimárì ni mí, mo sì gbọ́dọ̀ gbèjà ẹlẹgbẹ́ mi.

Bíńgò, ọmọ ọdún mẹ́wàá ni wọ́n ń kọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, kì í ṣe Nigel Richards. Tí mo bá fún wọn nírú iṣẹ́ yìí, kí wọ́n lè kọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n mọ̀ láìṣi sípẹ́lì ni, kí wọ́n sì fi ṣe gbólóhùn lọ́la. AKE wo ni ọmọ fẹ́ fi ṣe gbólóhùn? Tó bá rí i nínú ìwé mi, á padà wá kọ ACHE báyẹn sínú lẹ́tà, èmi náà ni wọ́n máa bú.

Ti OBA, tó bá jẹ́ èmi, màá béèrè lọ́wọ́ ọmọ náà pé kí ni ìtumọ̀ rẹ̀. Tó bá dáhùn, màá fún un ní máàkì rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé ogójì ọmọ ni mò ń máàkì lálẹ́, iná ò sí, ta ló fẹ́ dúró bi ọmọ kọ̀ọ̀kan?

Ohun tó ń dá ìjà sílẹ̀ ni pé a kì í sọ ìwé tá a fẹ́ fi ṣèdájọ́. Ó yẹ kí tíṣà kọ ọ́ sórí pátákó kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀: díkíṣọ́nárì tó wà nínú báàgì yín la máa lò, lẹ́tà mẹ́ta ló kéré jù, kò sí orúkọ, ẹ má lo lẹ́tà ju iye tó wà lọ. Ìlà kan péré ni.

Akẹ́kọ̀ọ́ Alábàtà dáhùn:

Ẹ káàárọ̀ bàbá, ẹ káàárọ̀ màmá. FUNAAB ni mo wà. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí fóònù yẹn ṣe gan-an, torí mo ti kọ irú rẹ̀ rí.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ńṣe ló ń to lẹ́tà náà ní gbogbo ọ̀nà tó ṣeé tò, tó ń wo èyí tó jẹ́ ọ̀rọ̀. Lẹ́tà mẹ́jọ ABEOKUTA, tí A ti jẹ́ méjì níbẹ̀, ọ̀nà 20,160 ló ṣeé tò sí, ìyẹn tá a bá lo mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ nìkan. EDUCATION jẹ́ 362,880. Iṣẹ́ ajá ni. Kò sẹ́ni tó ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Apá ibi tí ìwé ọ̀rọ̀ wà ni wọ́n ti ń bọ̀. Kọ̀ǹpútà á mú ọ̀rọ̀ kan nínú ìwé, á ka iye A tó wà nínú rẹ̀, iye B, títí dé Z, á wá fi wé iye tẹ́ ẹ ní. Tí ọ̀kan bá ti lé, ó ju ọ̀rọ̀ náà nù. Bàbá, kéèsì yín gan-an ni: ihò 26, ẹ wo bóyá lẹ́tà tó wà nínú ihò kọ̀ọ̀kan tó láti to ọ̀rọ̀ yẹn.

Tó bá sì jẹ́ ọ̀rọ̀ tó lo gbogbo lẹ́tà láìṣẹ́ kù lẹ ń wá, ọgbọ́n míì wà tó rọrùn ju ìyẹn lọ. Ẹ to lẹ́tà ọ̀rọ̀ náà ní A B C D. EDUCATION di ACDEINOTU. Ẹ to AUCTIONED, ó di ACDEINOTU. CAUTIONED náà, ACDEINOTU. Kọ̀ǹpútà ti to gbogbo ìwé ọ̀rọ̀ báyẹn sílẹ̀, kó tó di pé ẹ béèrè, nítorí náà ńṣe ló kàn ń wo àwọn tó ń jẹ́ orúkọ kan náà. Àwọn tó ń ta Scrabble ń há a sórí báyẹn pẹ̀lú.

Ẹni tó bá fẹ́ gbìyànjú ẹ̀ lórí fóònù Android, kó gba Termux, áàpù tó ń jẹ́ kéèyàn tẹ àṣẹ kọ̀ǹpútà lórí fóònù, kó gba fáìlì ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan (mo pe tèmi ní words.txt), ẹ̀ẹ̀kan lẹ máa jẹ dátà. Lórí kọ̀ǹpútà Linux, ó sábà máa ń wà ní /usr/share/dict/words. Ẹ wá tẹ èyí (grep ni àṣẹ tó ń wá ọ̀rọ̀ nínú fáìlì):

grep -E '^[abeokut]+$' words.txt

Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ dé ìparí rẹ̀, kò gbọ́dọ̀ sí lẹ́tà míì ju méje yìí lọ. KATE ò ní jáde, torí lẹ́tà ńlá ni orúkọ fi ń bẹ̀rẹ̀ nínú fáìlì yẹn, kékeré la sì béèrè. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra: BOOK á jáde, TATTOO náà á jáde. Àṣẹ yìí ń wo irú lẹ́tà, kì í ka iye rẹ̀. Kíkà yẹn, ẹ ní láti fojú ṣe é, tàbí kẹ́ ẹ fi Python, èdè tá a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, kọ ìlà mẹ́ta mẹ́rin kún un.

Mo tún fẹ́ fi kún un pé "ọ̀rọ̀ tó ní lẹ́tà yìí nínú" lè jẹ́ nǹkan míì pátápátá. Tó bá ní kí ẹ wá ọ̀rọ̀ tó ní B, K àti T nínú, ohun yòówù kó tún wà níbẹ̀, BASKET dáa, BLANKET dáa, BREAKFAST náà dáa. Èyí kò jọ ti ABEOKUTA rárá, ibí yìí lẹ́tà àlejò lè wọlé. Grep mẹ́ta la máa so pọ̀ fún un:

grep b words.txt | grep k | grep t

Tó bá sì jẹ́ pé K àti T gbọ́dọ̀ tẹ̀ léra, grep kt ni, á fún yín ní COCKTAIL àti DESKTOP. Fún àwọn tó ń kún àpótí crossword, tẹ́ ẹ bá mọ lẹ́tà àkọ́kọ́, ìkẹrin àti ìkẹfà, ẹ fi àmì tótó sí ibi tẹ́ ẹ ò mọ̀: '^b..k.t$'. BASKET á jáde, BUCKET á jáde. Ìyẹn ni mo fi ń ran bàbá mi lọ́wọ́ ní gbogbo Sọ́ńdè, kò sì mọ̀, ó rò pé mo gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì.

Ẹ̀gbá ní Houston dáhùn:

Mo kí gbogbo ilé. Ọmọ Ìjẹùn ni mí, mo ń ka èyí mo ń rẹ́rìn-ín. Màmá, ẹ sọ fún ọmọ wa pé BOOK rẹ̀ á dúró tó bá jẹ́ ọ̀dọ̀ wa níbí. Eré Spelling Bee tí ìwé ìròyìn New York Times ń gbé jáde lójoojúmọ́, lẹ́tà méje ni wọ́n ń fún wa, ọ̀kan wà láàárín tó gbọ́dọ̀ wà nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tá a bá kọ. Ọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ tó lẹ́tà mẹ́rin. Ṣùgbọ́n èèyàn lè lo lẹ́tà kan lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, bó bá ṣe wù ú.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wá rí i pé tẹ́ ẹ bá ka A lẹ́ẹ̀kan, lẹ́tà méje géérégé ló wà nínú ABEOKUTA. Mo bá fi K sáàárín. BOOK, TOOK, TAKE, KEBAB, TAKEOUT, OUTTAKE. OUTBAKE tí Bíńgò sọ yẹn lo méjèèje, irú ọ̀rọ̀ yẹn là ń dù jù, àwa ń pè é ní pangram. Ìyàwó mi ti gba bébà lọ́wọ́ mi báyìí, kò fẹ́ kí n ràn án lọ́wọ́.

Ìyá Àdìrẹ Ìtòkú dáhùn:

Ẹ ṣé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọlọ́run á máa bá yín tọ́mọ. Páálí tí wọ́n fi di aṣọ wá látọ̀dọ̀ oníbàárà la gé, ọmọ fi máákà kọ lẹ́tà sí i. Bàbá, ọ̀rọ̀ ìdí yẹn ló yé e jù. Ó to OUT sílẹ̀, ó ń gbé gbogbo lẹ́tà wá síwájú rẹ̀, ó ń pè é sókè, àwọn tó wà ní ìsọ̀ ẹ̀gbẹ́ mi náà ti ń dá sí i.

Tíṣà, mo gbọ́ tiyín, ọ̀rọ̀ yín sì mọ́gbọ́n dání. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní kò sí ọba nínú Abẹ́òkúta, kó lọ sí Aké lọ tún un sọ. Ọmọ tó ń gbọ́ fèrè Aláké láti kékeré, ẹ ní kò mọ OBA? Màá lọ bá tíṣà rẹ̀ sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, mi ò ní jà.

Alábàtà, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ń wá Termux. Èmi ò mọ ohun tẹ́ ẹ sọ síbẹ̀ àyàfi ti àpótí crossword. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí bàbá yín ka ibí yìí.

Wọ́n tún ti gbé tuntun dé: TRANSPORTATION, ọgbọ̀n ọ̀rọ̀. Ẹ̀gbọ́n ní PASSPORT wọlé, àbúrò ní kò wọlé, wọ́n ti fẹ́ fa aṣọ ya. Àdìrẹ tí mi ò tíì tà ni wọ́n sì jókòó lé lórí. Ta ló jàre?

Bàbá Atẹ̀wé Ìbarà dáhùn:

Àbúrò ló jàre. S kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, PASSPORT ń fẹ́ méjì. Kó kọ AIRPORT dípò rẹ̀, R méjì wà.

Kí wọ́n kọ́kọ́ ka ohun tí wọ́n ní kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀: T mẹ́ta, R, A, N àti O jẹ́ méjì méjì, S, P àti I jẹ́ ọ̀kan ọ̀kan. Kò sí E rárá, kí wọ́n má fi ED tàbí ER dá ara wọn lágara. Ìdí tó wà níbẹ̀ ni TION, ó sì pọ̀: RATION, STATION, PORTION, NOTATION, ROTATION. Èyí tó gùn jù tí mo rí ni PROSTRATION, lẹ́tà mọ́kànlá, ìdọ̀bálẹ̀ ni, tíṣà ò ní lè sọ pé ọmọ Ẹ̀gbá ò mọ ìtumọ̀ ẹ̀. Lẹ́yìn náà kí wọ́n lọ sórí ORT àti AIN: PORT, SORT, SPORT, RAIN, PAIN, TRAIN, STRAIN. PATRIOT àti ARTISAN náà wà níbẹ̀.

PARTITION kò wọlé, I méjì ló ń fẹ́. S yẹn náà, kí wọ́n ṣọ́ ọ: PORTS dáa, TRAINS dáa, ṣùgbọ́n SPORT ò lè di SPORTS.